Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Bí A Ti Ń Tọ́jú Bàtà Búùtù Tí A Fi Ojúlówó Awọ Ṣe

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú kì í sábà lọ sí ara rẹ̀ àfi nígbà tí ó bá bàjẹ́. Bàtà ni, pàápàá jù lọ bàtà búùtù tí a fi ojúlówó awọ ṣe, èyí tí ó ga dé kókósẹ̀ tàbí tí ó gùn kọjá rẹ̀. Owó tí a fi ń ra irú bàtà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Òṣìṣẹ́ mìíràn a máa tu owó jọ fún oṣù mélòó kan kí ó tó lè rà á. Ẹlòmíràn a sì gbà á lọ́wọ́ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ogún. Síbẹ̀, láàárín ọdún kan tàbí méjì, a ó rí i tí ojú bàtà náà ti sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí imú rẹ̀ ti wó, tí olówó rẹ̀ sì ń sọ pé ẹni tí ó tà á fún òun rẹ́ òun jẹ.

Nígbà mìíràn, òótọ́ ni pé a rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà púpọ̀, bàtà náà dára; ìtọ́jú ni kò rí. Ohun tí ó tilẹ̀ ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ nínú ń pa bàtà gẹ́gẹ́ bí àìbìkítà ti ń pa á. Ẹnìkan sá a sínú oòrùn kí ó lè tètè gbẹ. Ẹnìkejì fi òróró pa á títí ó fi rọ̀ bí àkísà. Ẹnìkẹta ń kun pọ́líìṣì lé pọ́líìṣì lórí eruku àná. Olúkúlùkù wọn ni ó rò pé òun ń ṣe bàtà náà ní rere. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀ràn yìí wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí a tó mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí awọ í ṣe. Awọ jẹ́ fọ́nrán tín-ín-tín lọ́pọ̀lọpọ̀ tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn bí òwú inú aṣọ. Nígbà tí ẹran wà láàyè, ara rẹ̀ ni ó ń fún awọ náà ní omi àti ọ̀rá. Nígbà tí a bá pa ẹran náà, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ awọ a bó o, wọn a sì ṣe é ní ọ̀nà tí kò fi ní í jẹrà. Lẹ́yìn náà wọn a dá ọ̀rá padà sínú rẹ̀, kí àwọn fọ́nrán wọ̀nyí lè máa yọ̀ lára ara wọn nígbà tí awọ bá ń ṣẹ́ po. Ọ̀rá yìí kò dúró títí láé. Omi ń gbé díẹ̀ lọ, oòrùn ń gbé díẹ̀ lọ, eruku ń fa díẹ̀ mu. Bí ó bá tán, àwọn fọ́nrán náà a máa ha ara wọn, wọn a sì já ní ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀. Ìyẹn ni a ń pè ní sísán. Kò sì sí òróró kan ní ayé tí ó lè so fọ́nrán tí ó ti já pọ̀ mọ́. Ẹ rí i pé awọ bàtà kò ní ẹran lábẹ́ rẹ̀ mọ́ tí yóò máa bọ́ ọ. Ọwọ́ wa ni ó di ẹran rẹ̀.

Iṣẹ́ awọ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní Ọ̀yọ́, àwọn oníṣọ̀nà awọ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àpò, ìrọ̀rí àti gàárì ẹṣin. Ní òkè ọ̀hún, àwọn ará Kano àti Sokoto ń fi èso igi tí wọ́n ń pè ní bagaruwa ṣe awọ ewúrẹ́, nítorí pé oje inú èso náà ń mú awọ le, kì í sì í jẹ́ kí ó rà. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Kano ní ọdún 1851, ó sì kọ̀wé nípa iṣẹ́ awọ àti bàtà àwọn ará ìlú náà, tí wọ́n ń kó lọ tà ní òkèèrè. Púpọ̀ nínú awọ ewúrẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní awọ Mòrókò ni ó jẹ́ pé láti ilẹ̀ Hausa ni ó ti wá, tí àwọn oníràkúnmí kó o la aṣálẹ̀ Sàhárà já dé etí òkun àríwá. Orúkọ ibi tí a ti tà á ni a fi pè é; orúkọ ibi tí a ti ṣe é ni a gbàgbé. Ní ọdún 1884, Augustus Schultz gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún ọ̀nà mìíràn, èyí tí a fi iyọ̀ irin tí a ń pè ní kírómù ṣe awọ. Ọ̀nà yìí yá ju ti àtijọ́ lọ jìnnà, òun ni a sì fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú awọ bàtà ní òde òní. Awọ ti kírómù rọ̀, ó sì ń fara da omi díẹ̀. Awọ ti oje igi le, ó sì tètè ń fa omi àti òróró mu. Ìtọ́jú kan náà ni àwọn méjèèjì ń fẹ́, ṣùgbọ́n ti oje igi kì í pẹ́ dúdú bí òróró bá pọ̀ jù lára rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo bàtà yín dáadáa kí ẹ mọ irú èyí tí ó jẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá dán lásán, tí a sì ń rí ihò irun kéékèèké tí kò tò lọ́gbọọgba, ojúlówó awọ ni, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé lórí jù lọ. Bí ojú rẹ̀ bá ní irun múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán, ẹ má ṣe fi pọ́líìṣì tàbí òróró kàn án rárá. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nìkan ni kí ẹ fi gbá a. Bí ó bá ń dán bí dígí láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é, aṣọ tí a fi omi rin díẹ̀ tó o. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú rẹ̀ ń bó bí ọ̀dà ara ògiri, tí aṣọ sì ń hàn lábẹ́ rẹ̀, ayédèrú ni. Kò sí ìtọ́jú tí yóò mú un padà, nítorí pé ohun tí ó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe awọ.

Àwọn ohun èlò tí a nílò kò pọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹṣin kan fún eruku àti dídán. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan, tàbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó ti gbó, fún ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹ̀ níbi tí òwú rírán wà. Ọṣẹ gàárì, èyí tí a ṣe fún awọ. Kírímù tàbí òróró awọ. Pọ́líìṣì tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti bàtà mu. Àti àkísà aṣọ òwú. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ẹ̀wù àwọ̀télẹ̀ tí ó ti gbó ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé fífọ̀ ti mú un rọ̀. Ẹ ya búrọ́ọ̀ṣì bàtà dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti bàtà pupa. Ẹni tí ó bá fi ẹyọ kan ṣe méjèèjì yóò rí ohun tí dúdú yóò ṣe sí pupa.

Èkíní ni gbígbá eruku. Ẹ tú okùn bàtà kúrò pátápátá, nítorí pé abẹ́ okùn àti ẹ̀gbẹ́ ahọ́n bàtà ni eruku ti ń sá pamọ́ sí. Iyanrìn tín-ín-tín tí ó wà nínú eruku ń gé awọ bí ayùn ní ibi tí ó ti ń ṣẹ́ po. Bí ènìyàn kò bá ní àyè fún ohunkóhun mìíràn, kí ó ṣe èyí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó bá wọ bàtà náà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 2 lọ.

Èkejì ni fífọ̀. Ẹ fi omi rin àkísà, kí ẹ fún un títí kò fi ní í kán mọ́. Ẹ fi pa ojú ọṣẹ gàárì náà díẹ̀, kí ẹ sì fi nu bàtà yí ká, láti imú títí dé gìgísẹ̀. Ẹ fi àkísà mìíràn tí ó mọ́ nu ọṣẹ náà kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí bàtà gbẹ. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ báyìí ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí ó bá dọ̀tí ní tòótọ́ tàbí tí pọ́líìṣì àtijọ́ bá ti dì lójú rẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, nítorí pé ọṣẹ gàárì pàápàá ń bá ìdọ̀tí gbé ọ̀rá díẹ̀ lọ.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kìlọ̀ gidigidi nípa ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ ìyá wa ni. Ó dára fún ara, ó sì dára fún aṣọ. Ṣùgbọ́n omi eérú ni a fi ń sè é, omi eérú sì lágbára púpọ̀ lórí ọ̀rá. Nítorí rẹ̀ gan-an ni ọṣẹ náà ṣe ń bọ́ ọ̀rá kúrò lára ìkòkò. Awọ bàtà jẹ́ ohun tí ó ní ìkan díẹ̀ nínú láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é, omi eérú sì ni ọ̀tá ìkan. Bí a bá fi ọṣẹ dúdú fọ bàtà awọ, ọ̀rá inú rẹ̀ yóò jáde, awọ yóò le gan, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì yí padà. Bákan náà ni ọṣẹ ìyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ. Pẹtiróòlù àti kẹrosíìnì kò yẹ fún un pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń gba ọ̀rá inú awọ, wọ́n lè sun ilé.

Ẹ̀kẹta ni bíbọ́ awọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò dá, tí wọ́n ti fífọ̀ bọ́ sí pọ́líìṣì. Pọ́líìṣì kì í bọ́ awọ tó. Ojú ni ó ń dá. Ohun tí ń bọ́ awọ ni kírímù tàbí òróró tí a ṣe fún un, èyí tí ó sábà máa ń ní ìda oyin nínú, tàbí ọ̀rá tí a yọ láti inú irun àgùntàn, tàbí òróró tí a sè láti inú egungun ẹsẹ̀ màlúù. Ẹ fi ìka tàbí àkísà bù ú díẹ̀, bí ìwọ̀n èso àgbàdo kan tàbí méjì fún apá kan bàtà, kí ẹ sì fi ra á yí ká fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ahọ́n bàtà níbi tí ojú kò ti ní í rí i, nítorí pé òróró mìíràn ń mú awọ pupa dúdú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, tàbí kí ilẹ̀ mọ́ bá a, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Bí ibi kan bá mu ún tán kíákíá, tí ó tún gbẹ, ẹ tún fi díẹ̀ sí i. Bí ó bá ń yọ̀ lójú awọ, ó ti yó. Ẹ nu èyí tí ó kù kúrò. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Awọ tí ó mu òróró àmupara a máa rọ̀ kọjá ààlà, imú bàtà kì í sì í dúró mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ọdún tó fún bàtà tí a ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a ń wọ̀ déédéé, kí a máa fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀ wò: bí ó bá ti gbẹ táútáú, ebi ń pa á.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá epo pupa, òróró ẹ̀pà tàbí àdín kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ìdáhùn wa ni pé kò yẹ. Epo pupa ní àwọ̀ tí kì í wọ́n bọ́rọ̀, gbogbo òróró oúnjẹ sì lè kan nínú awọ bí ó ti ń kan nínú ìgò, yóò sì máa rùn. Vaseline kì í kan ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jókòó sí ojú awọ, ó sì ń pe eruku jọ.

Ẹ̀kẹrin ni pọ́líìṣì. Oríṣi méjì ni ó wà. Ti inú ìgò, tí ó rọ̀ bí ìpara, ní àwọ̀ púpọ̀ nínú, òun ni ó sì ń bo ibi tí bàtà ti họ. Ti inú agolo pẹlẹbẹ, ìda ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, òun ni ó sì ń fún ni ní dídán, tí ó sì ń lé omi. Èyí tí a mọ̀ jù nínú ti agolo, Kiwi, ìlú Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni William Ramsay àti Hamilton McKellan ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ọdún 1906, àwọn ọmọ ogun sì gbé òkìkí rẹ̀ kiri ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní. Nínú ọ̀pọ̀ pọ́líìṣì agolo ni ìda kan wà tí ó ti Brazil wá, láti ara ewé igi kan tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀pẹ tiwa. Karnáúbà ni wọ́n ń pè é, àríwá ìlà-oòrùn Brazil ni ó sì ti ń hù, níbi tí oòrùn mú gan-an. Igi náà ń fi ìda yìí bo ewé ara rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ. Ìda oyin ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ti karnáúbà kì í yọ́ títí yóò fi kọjá 80. Nítorí náà ni ó ṣe le, tí ó sì ń dán tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi aṣọ bu díẹ̀, kí ẹ fi kun bàtà yí ká ní fẹ́lẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹṣin gbá a síwá sẹ́yìn, kíákíá, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé pọ́líìṣì ni ń dán, búrọ́ọ̀ṣì ni. Ìgbóná díẹ̀ tí ó ti ara gbígbá wá ni ó ń tẹ́ ìda náà, tí ojú rẹ̀ fi ń rí bákan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí imú bàtà òun dán bí dígí, bí ti ọmọ ogun, kí ó wé aṣọ òwú mọ́ ìka méjì, kí ó bu pọ́líìṣì díẹ̀, kí ó kán omi ẹyọ kan lé e, kí ó sì máa yí ìka náà po jẹ́jẹ́ lójú imú bàtà. Kí ó tún bu díẹ̀, kí ó tún kán omi. Yóò ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó fi mọ sí imú àti gìgísẹ̀, níbi tí bàtà kì í ti í tẹ̀. Bí ó bá fi sí ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ po, ìda náà yóò fọ́ wẹ́wẹ́ ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Kí a ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe é, kí iná má sì wà nítòsí, nítorí pé oje tí a fi pò ó mọ́ra tètè ń gbiná, òórùn rẹ̀ kò sì dára fún àyà. Kí a gbé agolo náà sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kékeré kò lè dé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa àkókò, nítorí pé ọdún wa ní ìgbà òjò, ó sì ní ìgbà ọyẹ́, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí olúkúlùkù ń ṣe sí awọ. Bí òjò bá pa bàtà, ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò, ẹ tú okùn rẹ̀, kí ẹ sì ki bébà tí a kò tẹ nǹkan sí sínú rẹ̀ kí ó lè fa omi mu. Ẹ pààrọ̀ bébà náà bí ó bá ti tutù, kí ẹ sì dá bàtà náà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ lè mí. Yóò gba ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀bá àdògán, ẹ má sì ṣe sá a sí oòrùn ọ̀sán. Awọ tútù tí a fi iná lé omi rẹ̀ jáde a máa sún kì, a sì le bí pákó. Èyí tí ó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ kì í padà sí bí ó ti wà. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń gbẹ ètè wa ń gbẹ awọ pẹ̀lú. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí a ti bọ́ bàtà, kí a sì tún bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó parí.

Ìyá kan kọ̀wé sí wa pé bàbá àwọn ọmọ òun fi bàtà búùtù kan sílẹ̀ nígbà tí ó dolóògbé. Ó wé e sínú láílọ́ọ̀nù, ó sì fi í pamọ́ sínú àpótí kí ohunkóhun má baà ṣe é. Nígbà tí ó ṣí i lẹ́yìn ìgbà òjò méjì, gbogbo rẹ̀ ti bu, ó funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tí bàtà náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun tí ó rí. Ó ń bi wá bóyá kí òun dà á nù.

Ìyá wa, ẹ má ṣe dà á nù. Láílọ́ọ̀nù ni ó ṣe é; ó sé omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ bàtà náà, èébu sì fẹ́ràn òkùnkùn, ọ̀rinrin àti ọ̀rá. Ẹ gbé e jáde síta, kí ẹ fi aṣọ bo imú yín, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èébu náà kúrò. Ẹ má ṣe gbá a nínú ilé, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ yóò fò lọ bá bàtà mìíràn. Ẹ po ọtí kíkan funfun àti omi ní ìwọ̀n kan náà, ẹ dán an wò lára ahọ́n bàtà, kí ẹ sì fi àkísà tí a rin díẹ̀ nu inú àti òde. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ ní ibi atẹ́gùn. Bí èébu bá tún hàn, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ bọ́ awọ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì tún bọ́ ọ, nítorí pé ebi ti pa á pẹ́. Kí ọmọ má ṣe tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí ó tó rọ̀. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò sán án. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kí ó bá a wo òwú rẹ̀, nítorí pé òwú a máa rà kí awọ tó rà, lẹ́ẹ̀dì àtẹ́lẹ̀ pẹ̀lú a sì máa jẹrà nígbà mìíràn.

Òótọ́ kan wà tí ó yẹ kí a sọ fún ọmọ náà. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ti ya àwòrán ara rẹ̀ sínú bàtà náà. Awọ inú lọ́hùn-ún ti tẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fún ọdún púpọ̀, àwọn ìlà tí ó wà lójú rẹ̀ sì tẹ̀lé bí ó ti ń rìn. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá tilẹ̀ gùn tó ti bàbá, kò ní í jẹ́ ọ̀kan náà pátápátá. Kí ó fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tuntun tẹ́ inú rẹ̀, kí ó sì máa wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan tàbí méjì nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni bàtà náà yóò kọ́ ẹsẹ̀ tuntun. Bí ó bá sì jẹ́ pé awọ náà ń ya bí bébà tútù nígbà tí a bá fà á jẹ́jẹ́, ó ti rà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ìrántí, kí ọmọ má ṣe wọ̀ ọ́ rìn.

Ní ti fífi bàtà pamọ́, àpò aṣọ ni kí a lò, nítorí pé aṣọ ń mí. Kí a gbé e sí ibi tí ó ga kúrò nílẹ̀, kí a sì máa yọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò. Igi tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀, tí a ki bọ̀ ọ́, yóò jẹ́ kí ó dúró ṣánṣán, yóò sì fa ọ̀rinrin òógùn mu. Ẹni tí kò bá ní irú igi bẹ́ẹ̀ lè lo bébà. Kí a má sì ṣe wọ bàtà kan náà ní ọjọ́ méjì tẹ̀léra bí a bá ní méjì, nítorí pé òógùn tí ẹsẹ̀ ń là ní ọ̀sán kì í gbẹ tán ní òru kan.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, a kò gbàgbé yín. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí ojú ọ̀nà nígbà yìnyín ni ọ̀tá tiyín. Bí ó bá gbẹ sí ara bàtà, ó ń fi ìlà funfun sílẹ̀, ó sì ń fa omi inú awọ jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sùn sí i. Ọtí kíkan àti omi ní ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ fi nu ún ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá gbẹ, kí ẹ bọ́ ọ. Ẹ má sì ṣe tò ó sí ẹ̀bá ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná. Iná ni yóò ṣe é gẹ́gẹ́ bí àdògán ti ń ṣe é nílé.

Ó ku àtẹ́lẹ̀. Bàtà tí a rán àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí i ká ṣeé pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ fún léraléra, bí awọ òkè bá ṣì le. Kí a máa yí gìgísẹ̀ wò. Nígbà tí rọ́bà ìsàlẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán ni kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà. Ẹni tí ó bá dúró títí gìgísẹ̀ fi jẹ dé ara igi tàbí awọ rẹ̀ yóò san owó méjì, bàtà yóò sì ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, orúnkún rẹ̀ pẹ̀lú yóò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ bọ̀wọ̀ fún aránbàtà yín, ẹ má sì ṣe na owó rẹ̀ dẹ́nu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń sọ bàtà kan di mẹ́ta.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ọmọ ọdún 8 lè gbá eruku. Ọmọ ọdún 12 lè kun pọ́líìṣì bí àgbà bá wà nítòsí. Ẹ tò wọ́n jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí olúkúlùkù mú bàtà tirẹ̀ dání, kí ẹ̀gbọ́n sì kọ́ àbúrò. Ọmọ tí ó bá ti mọ iye wákàtí tí ó gbà kí imú bàtà tó dán kì í ta á mọ́ òkúta lójú ọ̀nà. Ohun tí ó kọ́ lára awọ, yóò ṣe é sí ìwé, sí aṣọ, àti sí ohun èlò tí a bá fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ lọ́la.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ mú bàtà kan nínú ilé, kí ẹ tú okùn rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka wo ìsàlẹ̀ ahọ́n rẹ̀. Bí eruku bá wà níbẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.